A Kì Í Ju Ọ̀rọ̀ Ikú Lu Ènìyàn

Ẹ pa fóònù yín. Mi ò ní kí ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ o, mo ní kí ẹ pa á. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú agbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ wá jókòó sórí ẹní. Mo mọ̀ pé fìdáù ọjọ́ kẹjọ la ṣe lónìí, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ tètè padà sí Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò kí òjò tó dé. Òjò yóò dúró dè mí. Inú ń bí mi, láti ọjọ́ mẹ́jọ ló sì ti ń bí mi. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó mú un kúrò lọ́kàn mi. Kò tíì mú un kúrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀, torí mo fẹ́ lò ó lónìí.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ lọ tààrà jàre, ẹ ti ń yí ọ̀rọ̀ ká jù." Ó dáa. Lónìí ẹ máa gbọ́ ìdí tí a fi ń yí i ká. Ẹni tó ru ẹyin kọjá lórí òkúta kì í sáré. Kì í ṣe pé kò mọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tí bàbá mi kó wa dé Ìdímù yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́tùn-ún lósì títí ènìyàn fi máa dé Ìkòtún. Níbi tí ilé epo wà lónìí, igi àgbálùmọ̀ méjì ló dúró síbẹ̀, ìyá kan tó ń gbé nítòsí a sì máa lé wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Télọ̀ ni bàbá mi. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ohùn maṣíìnì wọn la kọ́kọ́ ń gbọ́, kẹ̀tẹ̀-kẹ̀tẹ̀-kẹ̀tẹ̀. Lẹ́yìn náà, okùn kànga a máa han lára igi. Lẹ́yìn náà, odó. A lè mọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan fẹ́ jẹ láti inú ohùn odó wọn. Lónìí ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ dún, jẹnẹrétọ̀ kejì dá a lóhùn, ẹni tó ń polówó oògùn eku ń fi ẹ̀rọ pariwo láàárín wọn. Bí ènìyàn bá ń sunkún nílé kejì, ta ni yóò gbọ́?

Ẹ wò ó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn. Ìbéèrè pèsìjẹ ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ẹni tó bi ọ́ ti mọ ìdáhùn, ó kàn fẹ́ kí o ru ìbéèrè náà lọ sílé ni. Ìyá mi ni ọ̀gá rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ní kí o má gbọ́n?" "Ṣé ojú lo fi ń jẹun ni?" Ọmọ tó bá dáhùn, ìgbátí ló máa fi gbọ́ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ ló wà nílé wa nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ yìí. Kò sí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi a máa sọ pé maṣíìnì méjì lòun ní, ìkan ń bẹ níwájú òun, ìkan ń bẹ nílé ìdáná. Ìyá mi tí ẹnu wọn kì í sinmi ni wọ́n ń bá wí. Ìyá mi a sì ti inú èéfín dáhùn pé, "Èyí tó wà nílé ìdáná ló ń bọ́ èyí tó wà níta." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì máa lọ. Lọ́jọ́ tí kànga bá gbẹ, ìyá mi á ní kànga kẹ̀yìn sí wa, ká lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó kọ́ mi ní orúkọ tí nǹkan wọ̀nyí ń jẹ́ ni Àfáà Búsàrí. Láàárọ̀, wọ́n ń kọ́ wa nílé-ìwé àwọn Mùsùlùmí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń kọ́ wa ní kéwú lábẹ́ igi máńgòrò, tàwa ti wàláà lórí orúnkún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọkùnrin yẹn sójú ọ̀nà mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa Ọlọ́run àti nípa èdè Yorùbá, ọwọ́ kan náà ni mo ti gbà á. Àfáà ní, "Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ kò bá ẹ̀dá sọ̀rọ̀ lọ́nà kan ṣoṣo. Ó fi òjò ṣe àpẹẹrẹ, Ó fi iná ṣe é, Ó fi kòkòrò ṣe é. Ta ni ìwọ tí o ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ju òkò?"

Wọn kì í kọ ọ́ sójú pátákó. Wọ́n á ní, "Àsìátù, báwo ni àgbálùmọ̀ àná ṣe rí?" Àbúrò mi obìnrin ni Àsìátù, ìyẹn Ìyá Múfú yín yìí. Á ní, "Ó dùn bí oyin, Àfáà." Wọ́n á ní, "Àfiwé tààrà nìyẹn, o fi 'bí' so nǹkan méjì pọ̀." Wọ́n á kọjú sí mi, "Ìwọ ńkọ́?" Èmi á ní, "Oyin ni, Àfáà." Wọ́n á ní, "Ìwọ ti yọ 'bí' kúrò, o ti sọ àgbálùmọ̀ di oyin. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn." Tí ìkan nínú wa bá wá ní òun jẹ ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n á ní àsọrégèé nìyẹn, àti pé ikùn ẹni tó bá sọ ọ́ ló yẹ ká bẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ti kànga tó kẹ̀yìn sí wa, wọ́n ní ìyá mi ti sọ kànga di ènìyàn, wọ́n ní ìfohunpènìyàn lorúkọ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìkan sókè ju gbogbo wọn lọ. Àdàpè ni. Wọ́n ní, "Àwọn yòókù ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, àdàpè ń dáàbò bo ènìyàn. Kì í ṣe irọ́. Irọ́ a máa gbé òótọ́ pamọ́. Àdàpè ń gbé òótọ́ bọ̀, àmọ́ á bọ́ bàtà kó tó wọlé."

Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí títí di ọdún tí àgbò Ìyá Elépo kú.

Ìyá Elépo ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ó kù ọjọ́ méjì kí Iléyá pé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìyá náà ti ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ sin àgbò rẹ̀. Inú àgbò wú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì ta téru nípàá. Bàbá mi ní kí n lọ pàdé ìyá náà lọ́nà Ìkòtún, kí n ní wọ́n ń pè é nílé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sáré. Mo rí i lókèèrè, ó ru ìkòkò epo pupa, ó ń kọrin Iléyá bọ̀. Inú mi ń dùn pé èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Mo lanu: "Ìyá Elépo! Àgbò yín ti kú o!"

Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá orí, ó gbàgbé pé nǹkan wà lórí náà. Ìkòkò já lulẹ̀, ó fọ́ yánga. Ọ̀nà Ìkòtún pupa láti etí oko dé etí oko. Ó pàdánù àgbò, ó pàdánù epo, òun náà sì ṣubú sínú epo ọ̀hún. Àwọn ará ọ̀nà fẹ́ gbé e dìde, ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kí n tó délé.

Ìyá mi bi mí pé, "Ṣé ẹnu rẹ kò nílẹ̀kùn ni?" Mo ní, "Ó ní, màmá." Ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e.

Nírọ̀lẹ́, Àfáà Búsàrí dá mi dúró níwájú gbogbo ọmọ kéwú. Wọ́n ní, "Èmi ni Ìyá Elépo. Sọ ọ́ fún mi." Mo ní, "Àgbò yín ti kú." Wọ́n ní, "Tún un sọ." Mo ní, "Àgbò yín kò gbádùn." Wọ́n ní, "Irọ́ nìyẹn, tún un sọ." Mo ní, "Àgbò yín ti lọ sọ́run." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Tún un sọ." Ó di ẹ̀ẹ̀meje, omi ti lé sí mi lójú. Mo wo Àfáà, mo wo orí wọn bí ẹni pé ìkòkò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ ná."

Àfáà ní, "Ó ti débẹ̀." Wọ́n wá sọ fún gbogbo wa pé, "Kí o tó sọ ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ wo ohun tó rù."

Bí a ṣe ń túfọ̀ ní Ìdímù nìyẹn. Bí ikú bá ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dá nìkan lọ sọ fún onílé. Àgbà mẹ́ta ló ń lọ, obìnrin kan gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ wò ó bóyá olúwarẹ̀ ti jẹun, bóyá iná wà níwájú ẹ̀, bóyá ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí i, wọ́n á ní kó fún àwọn lómi. Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ wọ́n o. Wọ́n fẹ́ kó rìn díẹ̀ ni, kó gbé nǹkan, kó padà wá jókòó, kí ọkàn rẹ̀ ti máa fura pé àgbà mẹ́ta kì í mu omi láàárọ̀ lásán. Ìkan á jókòó sọ́tùn-ún, ìkan á jókòó sósì. Wọ́n á máa bèèrè ọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gan-an bá máa dé, olúwarẹ̀ á ti na ọwọ́ láti gbà á.

Èmi àti Àsìátù ti fojú wa rí i. Ìyá wa bí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wa, ọmọ náà kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìyá wa sùn, kò mọ̀. Àwa méjèèjì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a gbọ́ tí àwọn àgbà mu omi, a gbọ́ tí wọ́n bi í bó ṣe sùn, a gbọ́ tí obìnrin àárín wọn ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ìyá wa ni agbè. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ ti lọ, wọ́n sì sọ fún un nínú ẹ̀mí kan náà pé òun ṣì wà, pé ó yẹ kó wà. Ó sunkún. Ó sunkún gan-an, ṣùgbọ́n ó sunkún sáàárín èèyàn.

Ó wá kan ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Múfú, àkọ́bí Àsìátù, wẹ́dà ni ní Baruwa, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ó kírun àsùbáà, ó ní àyà ń dun òun, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Mi ò ní sọ ìyókù tààrà, kódà lónìí. Ìyàwó ẹ̀ pè mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ ní Baruwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé o." Kò fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ lèyí. Mo jókòó, mo jẹ ẹ̀kọ, mo sì ń sunkún lórí ẹ̀kọ náà.

Lẹ́yìn ìrun àìlà la máa sin ín, nítorí náà ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó dìgbà náà. Àsìátù sì ti lọ sí ọjà Ìkòtún, níbi tó ti ń ta ẹní ìkírun àti búúta. Mo pe Ràímì, àbúrò Múfú. Mo ní, "Ìwọ lọ bójú tó ọsibítù. Èmi ni mo máa sọ fún ìyá yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáájú mi." Mo mú ìyàwó mi, ìyá yín àgbà, mo lọ mú lèmọ́mù wa, àwa mẹ́ta wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà. Ó pẹ́ tí mo ti tò ó kẹ́yìn.

Ṣẹ̀rífátù, gbé orí sókè. Ìwọ lọmọ Ràímì. O gbọ́ tí bàbá rẹ ń sunkún, o sì mú fóònù. O fi fọ́tò Múfú sórí gúrúùpù ẹbí, o fi àbẹ́là tó ń jó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àbẹ́là! Ọmọ Mùsùlùmí, ta ló kọ́ wa ní àbẹ́là? Kí n tó dé ìkóríta Ìkòtún, àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ kékeré tó ń ṣàdúrà ránṣẹ́ láti Òkè-Odò, láti Ìbàdàn, láti òkè òkun. Ojú Àsìátù kò ríwèé kà mọ́. Àmọ́ àràárọ̀ ló ń ṣí fóònù yẹn láti wo ojú ẹ̀yin ọmọ ẹ̀. Ta ni kò mọ ohun tí àbẹ́là ń wí?

Nígbà tí a débẹ̀, obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sáré pàdé wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti rí i o. Ó ti tó wákàtí kan. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀ sí i." Mo wòkè, mo rí àbúrò mi. Ó jókòó sáàárín ẹní, fóònù wà lórí itan ẹ̀, ó di búúta kan mú. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí, ẹ gbọ́ o: oníbàárà kan dúró síwájú ẹ̀, ó ń nájà búúta náà, àbúrò mi sì ń dá a lóhùn! "Rárá, kò gbà. Ẹ fi díẹ̀ kún un." Ẹni tí àbẹ́là ti sọ fún pé ọmọ ẹ̀ kò sí mọ́ ń nájà, torí kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti sọ fún un pé ó lè dákẹ́.

Mo ní kí oníbàárà máa lọ. Mo lóṣòó. Mo ní, "Àsìátù, jẹ́ kí n bá ọ gbé búúta yẹn kalẹ̀ ná."

Kò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i. Mo rí fọ́tò ọmọ mi, mo rí iná. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi. Ẹ jókòó. Ẹ sọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe sọ fún màmá wa."

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti kírun jánásà àìmọye, mo ti túfọ̀ fún ọba àti fún mẹ̀kúnnù, kò sí ìkan tó wúwo tó èyí. Mo jókòó. Ìyá yín àgbà bọ́ sósì, lèmọ́mù dúró sẹ́yìn wa. Mo ní, "Àsìátù, fún mi lómi." Ó dìde, ó gbé búúta kalẹ̀, ó bu omi wá. Mo mu ún.

Mo ní, "Ṣé o jí ire?"

"Mo jí."

"Ta ló jí wa?"

"Ọlọ́run ni."

"Ta ló ni wá?"

"Ọlọ́run ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló máa ń wá láti Baruwa ní àràárọ̀ Jímọ̀, tó ń bá ọ tẹ́ ẹní wọ̀nyí síta?"

"Múfú ni."

Mo ní, "Àwa tó dàgbà ló yẹ ká ṣáájú, Àsìátù. Múfú ti ṣáájú wa lọ tẹ́ ẹní."

Ó ṣubú. Ọwọ́ wa ló ṣubú sí, kò kan ilẹ̀. Igbe tó ké, gbogbo ìlà ọjà yẹn ló dákẹ́ fún un. Mo sì dúpẹ́. Ẹ̀ ń wò mí? Mo ní mo dúpẹ́. Torí obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò sunkún fún odindi wákàtí kan, ẹkún yẹn ló gbà á là. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní ó gùn jù ló fa ẹkún náà jáde. Alihamudulilahi. Ó ń bẹ nínú yàrá yẹn lónìí, ó jẹ àkàrà sààráà, ó ń mí.

Ṣẹ̀rífátù, kí lo wí? "Bàbá, ẹ máà bínú, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé màmá ti gbọ́ ni." Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀. Ojú rẹ ṣì wú. Ìfẹ́ kọ́ là ń bá wí, ẹnu là ń bá wí. Inú mi dùn lọ́jọ́ Ìyá Elépo pé èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ìwọ náà, sọ òótọ́, ṣé ọkàn rẹ kò sáré láti ṣáájú? O ń mi orí. Ó dáa. Dìde dúró.

Èmi náà kò ní pẹ́ lọ. Ẹ má sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Ọlọ́run máa jẹ́ ẹ, mo ti dàgbà, ojúrere Rẹ̀ ni mo sì fi dàgbà. Lọ́jọ́ náà, àbúrò mi nìkan ló máa kù nínú àwa tí wàláà wà lórí orúnkún wa lábẹ́ igi máńgòrò. Mi ò fẹ́ kó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ìwọ ni mo yàn. Ìwọ lo máa lọ sí Ìkòtún. Sọ ọ́ fún un, jẹ́ kí n gbọ́.

"Màmá, bàbá ti kú." Tún un sọ.

"Màmá, bàbá kò gbádùn." Irọ́ nìyẹn. Tún un sọ.

Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹ jẹ́ kó ronú. "Màmá, bàbá ti sùn." Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ o ti ń yára jù. Àsìátù ló wà níwájú rẹ yẹn, ní Ìkòtún, láàárọ̀. Wò ó dáadáa. Má wo ẹnu rẹ, òun ni kí o wò. Má sunkún, ọmọ mi. Tún un sọ.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé búúta yẹn kalẹ̀ ná."

Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́, mo ní! Ṣé ẹ gbọ́ ohùn tó ti inú yàrá wá yẹn? Àbúrò mi ni. Láti ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ẹkún tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ó ní, "Ó ti débẹ̀."